Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin: ṣé Ọlọ́run ṣì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Bí ọjà bá tà, Ọlọ́run dára. Bí ọjà bá kùtà, ọ̀rọ̀ a yí padà: "Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ṣe ń bá Ẹlẹ́dàá lò. Wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á san ìdámẹ́wàá, wọ́n á wá máa ka ọjọ́ bí ẹni tó dá owó fún alájọ tó ń retí ìparí oṣù. Bí oṣù bá parí tí nǹkan kan kò yọ, wọ́n á ní Ọlọ́run ti gbàgbé àwọn. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ pa ṣọ́ọ̀ṣì dà.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ṣe àjọ. Ìgbàgbọ́ tó bá dúró lórí ọjà tó tà, ọjọ́ tí ọjà bá kùtà ni yóò wó. Èyí tó bá dúró lórí ìfẹ́ Ọlọ́run ló ń rí ọdún burúkú kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí èyí ṣe rí, kó gbọ́ ìtàn Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther.

ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ TÍ OGUN WỌ ÒṢOGÙN

Ọdún 1821 ni. Àwọn ìyá ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú. Ọmọdékùnrin ni Àjàyí nígbà náà. Baba rẹ̀ sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n tètè sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kan baba náà mọ́ títí ayé.

Wọ́n so okùn mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin Àfàlá méjì, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ọdún kan. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ya Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹṣin náà kò dára tó, wọ́n bá dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ wọn. Ọmọ ènìyàn kẹ̀! Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọtí àti tábà ni owó tí wọ́n san lórí rẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí létí òkun. Lóru ọjọ́ kan, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Bí ènìyàn bá sọ fún un lóru ọjọ́ yẹn pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, kí ni ì bá fi gbà á gbọ́? Kò sí ohun kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè pè ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

WỌ́N RÒ PÉ ẸNI TÓ GBÀ WỌ́N FẸ́ JẸ WỌ́N NI

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹrú yòókù sí. Ṣebí ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́? Ó tì o! Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà wọ ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, wọ́n sì rí àwọn ọta àgbá róbótó-róbótó nílẹ̀. Wọn kò rí díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́. Wọ́n bá gbà pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n so rọ̀ yẹn, pé orí wọn ló wà nílẹ̀! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹran náà, ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Àjàyí fúnra rẹ̀ ló ròyìn èyí nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837.

Ọ̀rọ̀ yìí pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún yẹ ká rò ó. Ọwọ́ tó tú wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń wo Ọlọ́run títí dòní, bí ọlọ́pàá tó lúgọ síbì kan, tó ń ṣọ́ ẹni tí yóò mú. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ní Ọlọ́run ń gbẹ̀san. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jóná, wọ́n á ní ìdámẹ́wàá tí àwọn kò san ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bíbélì sọ ọ́ gbangba pé ìfẹ́ tó pé kì í bá ẹ̀rù gbé. Ẹni tó bá sún mọ́ Ọlọ́run dáadáa ló ń mọ̀ pé kì í ṣe apànìyàn.

Ní Sàró tí wọ́n kó wọn lọ, ìfẹ́ Ọlọ́run kò já bọ́ láti ojú sánmọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló gbà wá. Wọ́n kọ́ Àjàyí ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ó ṣe ìrìbọmi ní oṣù Kejìlá 1825. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ní 1843, ó di àlùfáà.

ÀFÀLÁ RÍ ỌMỌ RẸ̀

Ọdún 1846 ni Àjàyí dé Abẹ́òkúta láti wàásù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Àfàlá wá bá a. Ojú ìyá yìí ti rí màbo. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n kó o lẹ́rú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ìyá ń gbọ̀n, ọmọ kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, omi ń dà lójú wọn. Ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú àlímánáàkì rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ni ń ran ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́. Àjàyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ agbára ẹsẹ náà rí tó ọjọ́ yẹn. Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Àmọ́ ṣá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Ọlọ́run ló rán akónilẹ́rú. Ìkà ènìyàn ni. Baba Àjàyí kò padà wá, ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogùn kò sì rí ilé mọ́. Àjàyí pe ọjọ́ tí wọ́n mú un ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Síbẹ̀, ó tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún nítorí ohun tí Ọlọ́run fi ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kò pe ibi ní ire. Ohun tó ń sọ ni pé ibi kò lágbára tó láti lé ìfẹ́ Ọlọ́run sẹ́yìn.

OHUN TÍ KÒ LÈ YÀ WÁ

Ní 1850, wọ́n tẹ ìwé Róòmù tí Àjàyí túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Inú ìwé yìí ni orí kẹjọ wà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ka ìyà, ìnilára, ebi, idà àti ikú sílẹ̀, tó sì ní kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló fi èdè wa kọ ọ́. Ó mọ ohun tí à ń pè ní ìyapa.

Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣé wàhálà wá parí? Rárá o. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó oníwàásù kan dojú ti baba arúgbó náà, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, nǹkan kò sì tíì tún ṣe. Ọdún 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ìgbà náà, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bó bá jẹ́ pé èrè ni Àjàyí ń bá Ọlọ́run ṣe, gbèsè ló kú sí. Ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe èrè ló fi dì í mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbàdúrà kí ọjà tà. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Bí ara kò bá yá, ẹ lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run kò sọ pé ká má lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá fi owó ra ojú rere Ọlọ́run, ẹ yẹra fún un, ohun tí kì í ṣe títà ló ń tà. Bó bá sì di ọjọ́ tí igbá kò kún, ẹ má ṣe wo inú igbá láti mọ̀ bóyá Ọlọ́run fẹ́ràn yín. Àgbélébùú ni kí onígbàgbọ́ wò. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dá kọ́bọ̀ kan.