Ìwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Ènìyàn ní Kùmásì

Lórí òkè tí ó kọjú sí Bantama, ní ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Àṣántì, ilé ìwòsàn kan wà ní àwọn ọdún 1940 tí ìjọba pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń jẹ́ Ilé Ìwòsàn Òyìnbó, apá kejì ń jẹ́ ti ènìyàn dúdú. Ẹ̀fọn ìlú náà kò mọ ìyàtọ̀ àwọ̀. Ibùsùn ni ó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n a máa gba ọmọ ilẹ̀ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga sí apá ti Òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àrùn ni wọ́n ṣe ya ilé náà sí méjì, ipò gíga kì í lé àrùn jáde lára. Ohun tí àṣà náà ń sọ ni pé Òyìnbó, ìbáà ṣe akọ̀wé kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ti wà nínú ilé láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ènìyàn dúdú ní láti di ẹni ńlá kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un, bí a bá sì ṣí i tán, àlejò ni.

Bí àwọn aláìsàn ti rí ni àwọn oníṣègùn náà rí. Ní 1902, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ tí Òyìnbó bí nìkan ni ó lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson àti Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá, ti gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn ní Britain ṣáájú ìgbà náà. Ìwé ẹ̀rí pé. Òbí ni kò pé.

Ní Gold Coast ìgbà náà, ipò Òyìnbó ni orúkọ tí wọ́n fún ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba. Gómìnà Guggisberg bẹ̀rẹ̀ ètò ní àwọn ọdún 1920 pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ máa bọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀, èyí tí a kò lè ṣàì yìn ín fún. Síbẹ̀ orúkọ kò yí padà. Ọmọ Fante tí ó jókòó sórí àga náà, ènìyàn dúdú tí ó wà ní ipò Òyìnbó ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀tọ́ tí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, olúwarẹ̀ kì í rí i bí ẹ̀tọ́ mọ́. Bí ojú ọjọ́ ni ó ń rí i. Àwọn yòókù ni ó ní àwọ̀. Òun jẹ́ ènìyàn lásán.

Ní Èkó ní 1947, Bristol Hotel kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé, òṣìṣẹ́ dúdú tí ìjọba London fúnra rẹ̀ rán wá. Ariwo ta, ìjọba sì fòfin de irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kùmásì, wọ́n kó Ilé Ìwòsàn Òyìnbó lọ sí Kwadaso ní 1952 kí wọ́n lè kọ́ ilé ìwòsàn titun, èyí tí ó parí ní 1955 tí a sì wá fi orúkọ Komfo Anokye pè nígbẹ̀yìn.

Pátákó kúrò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò kúrò. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí a ń wí: ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ nílẹ̀ wa títí di òní, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ni a ń bá wí, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń pè ní ọ̀mọ̀wé, ìbáà má mọ nǹkan mìíràn.

Ní ọjà Kùmásì, obroni wawu ni wọ́n ń pe aṣọ àlòkù tí ó ti òkè òkun wá, èyí ni pé Òyìnbó ti kú. Lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á, kò sí alààyè tí yóò bọ́ irú aṣọ rere bẹ́ẹ̀ tọrẹ. Òyìnbó kò kú. Ẹrù rẹ̀ ṣì ń dé, orúkọ náà ni wọ́n sì ń fi í tà.