Kì í ṣe gbogbo ará Cross River ni 'Kàlàbá': Ta ló ń ṣọ́ igbó tí ìnàkí kù sí ní Nàìjíríà?

Bí wọ́n bá ní 'ará Kàlàbá' ni ẹnì kan nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má tíì dé ìlú Calabar rí láyé rẹ̀. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo yìí la máa ń fi pe Efik, Ibibio, Ejagham, Boki, Bekwarra àti Yakurr pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe gbogbo Yorùbá ní ará Ìbàdàn.

Àwọn Boki, tí wọ́n wà lápá òkè ìpínlẹ̀ Cross River, kì í ṣe Efik, èdè wọn sì yàtọ̀. Orí àwọn òkè tó wà ní àgbègbè wọn ni ìnàkí tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà ń gbé.

Báwo ni igbó ṣe kù láàárín èrò tó pọ̀ tó báyìí?

Àwọn èèyàn Nàìjíríà ti lé ní 200 mílíọ̀nù, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ní èrò tó o ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n èrò náà kò pín dọ́gba.

Ìpínlẹ̀ kan náà ni Cross River àti Akwa Ibom títí di ọdún 1987, nígbà tí ìjọba ológun pín wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.9 ni wọ́n kà ní Akwa Ibom, lórí ilẹ̀ tó tó skúẹ̀ kìlómítà 7,000. Mílíọ̀nù 2.9 ni ti Cross River, ilẹ̀ tirẹ̀ sì tó 20,000. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ oko yóò ti mọ ibi tí ojú ń wò.

Ní ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ dá Cross River National Park sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín sí: Oban lápá ìsàlẹ̀, àti Okwangwo lókè, lẹ́bàá ààlà Cameroon. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin dáàbò bo òkè Afi ní ọdún 2000.

Òkè Mbe, tó wà láàárín Afi àti Okwangwo, kò sí lábẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Àwọn ìlú kéékèèké mẹ́sàn-án ló ni ín, àwọn fúnra wọn ló sì dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Ní tèmi, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn jù.

Ìnàkí tí kamẹ́rà ń rí ju èèyàn lọ

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ìnàkí ti tán ní Nàìjíríà, kí wọ́n tó tún rí ipa wọn láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ẹ̀yà tiwọn yìí, tí wọ́n fi odò Cross River sọ lórúkọ, kò tó 300 mọ́, bí a bá tilẹ̀ ka ti Cameroon mọ́ ọn.

Ibi gíga tó ṣòro fún ọdẹ àti àgbẹ̀ láti gùn ni wọ́n sá sí. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró èèyàn, wọ́n ti lọ. Ní ọdún 2020, àjọ WCS gbé àwòrán kan jáde tí kamẹ́rà tí wọ́n fi pamọ́ sínú igbó Mbe yà: agbo ìnàkí kan, tòun ti ọmọ wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan.

Inú àwọn èèyàn dùn, ó sì nídìí. Abo ìnàkí lè lo ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bímọ mìíràn. Okùn wáyà kan ṣoṣo tí ọdẹ dẹ sílẹ̀ fún ẹtu lè ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́.

Ta ni yóò san owó ohun tí wọn kò gé?

Inú igbó yìí ni àwọn obìnrin ti ń ṣa ewé afang àti ààpọ̀n, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní ogbono. Ẹ̀bá rẹ̀ náà ni oko kòkó ń gbòòrò sí. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́, àpò wọn ló ń sọ̀rọ̀ sí.

Ẹ wo ìlú Ekuri méjèèjì, tó wà nítòsí Oban. Igbó wọn tó nǹkan bíi hẹ́kítà 33,600. Dípò kí wọ́n tà á fún àwọn agégẹdú, wọ́n ń fi ìwọ̀n gé igi fúnra wọn, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ tún ìlú ṣe. Àjọ UNDP fún wọn ní ẹ̀bùn Equator Prize ní ọdún 2004.

Ní ọdún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de gígé gẹdú. Òfin náà kò ya ẹni tó ń fi ìwọ̀n gé e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń pa igbó run, bẹ́ẹ̀ sì ni igi gẹdú kò yé jáde lóru.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òpópónà márosẹ̀ tí Gómìnà Ben Ayade fẹ́ là láti etí òkun dé Benue, kìlómítà 260. Ní ọdún 2016, ìjọba kéde pé òun ti gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún àti mẹ́wàá lósì ọ̀nà náà. Ekuri àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n yarí, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ariwo náà sì dé òkè òkun. Ní ọdún 2017, ìjọba fagi lé ilẹ̀ gbígbà náà, wọ́n sì yí ojú ọ̀nà padà.

Ti àwọn ará Okwa àti Okwangwo kò tíì yanjú. Inú ọgbà ìjọba àpapọ̀ gan-an ni abúlé wọn bọ́ sí nígbà tí wọ́n fa ààlà ní ọdún 1991. Wọ́n ní wọn yóò kó wọn lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ètò náà kò kẹ́sẹ járí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáko, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti ń ṣọ́ wọn.