Wákàtí Tí Oògùn Olóró Fi Sílẹ̀

Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá jáwọ́ nínú igbó mímu tàbí nínú kódíìnì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn òbí sábà ń bi dókítà: ǹjẹ́ ara rẹ̀ ti yá? Ara lè ti yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn olóró ní àkókò tirẹ̀ nínú ọjọ́ ọmọ náà, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí í máa gbà láti ilé-ìwé dé ilé. Bí a bá mú un kúrò, gbogbo wákàtí wọ̀nyí ni yóò ṣófo.

Wákàtí òfìfo yìí ni àwọn olùtọ́jú tí ń fi iṣẹ́ ṣíṣe woni sàn dojú kọ. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe tuntun. Ọdún 1917 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé àyíká, kí iṣẹ́ àti ìbágbé lè ran ìtọ́jú ilé-ìwòsàn lọ́wọ́.

Ní ilé-ìwé, olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ó jí títí di ìgbà tí ó sùn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ewu náà kò sí nínú kíláàsì rárá. Àárín aago méjì sí aago mẹ́rin ni ó wà, nígbà tí àwọn òbí kò tí ì ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ni wọn yóò fi dí àlàfo náà, ìbáà ṣe ìlù lílù, aṣọ rírán tàbí títún rédíò ṣe. Wọn a bá a ṣètò oorun rẹ̀. Wọn a sì bẹ olùkọ́ pé kí ó máa pín iṣẹ́ kíláàsì sí wẹ́wẹ́ fún un, nítorí igbó mímu léraléra a máa ṣe àkóbá fún ìrántí àti ìfọkànsí, wọn kì í sì í padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan.

Níhìn-ín ni ilé-ìwé mìíràn ti ń ṣì í. Wọn a gbé àdá fún ọmọ tí ó padà dé, wọn a ní kí ó lọ gé koríko, wọn a ní iṣẹ́ náà ni. Ìyà ni, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó gbin ẹ̀fọ́ nítorí pé ó wù ú, tí ó tà á, tí ó sì ka owó rẹ̀, ti rí ohun tí yóò jí sí lọ́la.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kódíìnì nínú àti kíkó o wọ̀lú. Òfin lè gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́? Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èyí kí wọ́n tó lé ọmọ náà sílé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tún ní aago méjì sí mẹ́rin mọ́: láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì mọ ilé.