Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Lè Yan Ètò Tó Fúyẹ́ Fún Láptọ́ọ̀pù Kékeré

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá fún yín lóṣù yìí kan àpò gbogbo wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, àfi fún àwọn tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń bi wá léèrè pé ṣé kí àwọn ta láptọ́ọ̀pù tí àwọn fi ń kọ ìwé owó, kí àwọn sì yáwó ra tuntun.

Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ ní sùúrù ná. Owó tí a yá ra ohun tí a kò tíì nílò, èrè ọjà ni a ó fi san án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù wọ̀nyí kò bàjẹ́ rárá. Ètò tó wà nínú wọn ló wúwo ju agbára wọn lọ. Windows 11 ń béèrè 4GB RAM ó kéré tán, 64GB ààyè ìkẹ́rù, àti ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. HP Stream 11 tó jáde ní 2014 ní 2GB RAM àti 32GB ààyè péré. Asus Eee PC àkọ́kọ́, ti 2007, ní 512MB RAM àti 4GB ààyè. Báwo ni irú wọn ṣe fẹ́ ru ẹrù bẹ́ẹ̀?

KÍ NI ÈTÒ ÌDARÍ?

Ètò ìdarí, tí òyìnbó ń pè ní operating system, ni ó ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: RAM dà bí àtẹ tí ẹ ń pàtẹ ọjà sí, ààyè ìkẹ́rù dà bí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀. Bí ìyá aláṣọ bá gbé àga, agboòrùn àti àpótí owó sórí àtẹ kékeré, ibo ni yóò tẹ́ aṣọ sí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò tó wúwo ṣe ń gba àtẹ tán kí ìwé owó yín tó débẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á máa sáré bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè tẹ nǹkan kan, kí ẹ mu tíì tán kó tó dáhùn.

WINDOWS NÌKAN KỌ́ LÓ WÀ

Ní 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Linux. Ọ̀fẹ́ ni. Oríṣiríṣi àwùjọ ló ń kọ́ ètò ìdarí tiwọn lé e lórí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ọ̀fẹ́ kò lè dára o. Ẹgbẹ́ Debian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, jẹ́ ti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń yan ìgbìmọ̀ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni Ubuntu àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn dúró lé.

ÈWO LÓ BÁ TIYÍN MU?

Ẹ kọ́kọ́ wo iye RAM, ààyè ìkẹ́rù, àti bóyá ẹ̀rọ yín jẹ́ 32-bit tàbí 64-bit. Nínú Windows 10, ẹ ṣí Settings, lẹ́yìn náà System, kí ẹ sì tẹ About. RAM àti bit wà níbẹ̀. Ti ààyè ìkẹ́rù wà lábẹ́ Storage.

(a) Bí RAM kò bá ju 1GB lọ, tàbí tí ẹ̀rọ bá jẹ́ 32-bit: ẹ wo antiX tàbí Puppy Linux. antiX 23, tó jáde ní 2023, ní ti 32-bit. Puppy, tí Barry Kauler ará Australia bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kéré débi pé gbogbo rẹ̀ lè wọ inú RAM, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

(b) Bí RAM bá jẹ́ 2GB, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ 64-bit: Lubuntu ni ká kọ́kọ́ dán wò. Ọmọ ilé Ubuntu ni, ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́.

(d) Bí RAM bá jẹ́ 4GB: Linux Mint ti Xfce yóò tẹ́ni tó mọ Windows lọ́rùn, nítorí ìrísí wọn jọra. ChromeOS Flex ti Google, tó jáde ní 2022, náà ń béèrè 4GB RAM àti 16GB ààyè. Àmọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà fún. Bí dátà bá tán, iṣẹ́ díẹ̀ ló kù tí yóò lè ṣe, kò sì gba áàpù Play Store ti fóònù.

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Kò sí ètò tó lè sọ 2GB di 8GB. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà nínú Chrome tàbí Firefox, àtẹ yóò kún ni dandan. Ẹ ṣí méjì, mẹ́ta. Bákan náà, bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń lo hard disk àtijọ́ tó ń yí, SSD tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ lè mú un yá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kékeré, wọ́n ti jó RAM àti ààyè mọ́ ara pátákó ẹ̀rọ, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atúnrọṣe kí ẹ tó náwó.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN

Àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Bí ìwé yẹn bá sọnù, ta ni yóò sọ iye tí ìyá aláta ti dá? Nítorí náà:

1. Ẹ da gbogbo ìwé owó kọ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé tí kọ̀ǹpútà wà.

2. Ẹ gba ètò náà láti ojú òpó àwọn tó ṣe é gan-an. Ẹ fi Rufus kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB. Ohun gbogbo tó wà lórí fíláàṣì náà yóò parẹ́ o.

3. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi fíláàṣì sí i, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì tẹ F12, F9 tàbí Esc, bí ẹ̀rọ bá ṣe jẹ́. Ẹ yàn án kó ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìgbé e wọlé. Bí ẹ bá yọ fíláàṣì, Windows yín wà bó ṣe wà. Àmọ́ fíláàṣì máa ń fa ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

4. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Ẹ ṣí ìwé Excel yín nínú LibreOffice Calc, kí ẹ fi àròpọ̀ oṣù mẹ́ta wé ti tẹ́lẹ̀. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ẹ dúró.

5. Bí ẹ bá ń lo ètò ìṣirò owó tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, ẹ má gbé Linux lé kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ wá òmíràn fún ìdánwò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux. Abẹ́ Nigeria lẹ ó ti rí i.

ÀǸFÀÀNÍ ẸGBẸ́

Ètò bíi Lubuntu tàbí Mint lè tó 3GB, owó dátà sì wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ fàyè gbà á kí ẹnì kan gbà á, kí ó sì dà á kọ fún ogún ènìyàn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbà á, kí àwọn yòókù dá owó dátà náà pọ̀. A sì ń rọ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí wọ́n máa bi ẹni tó bá wá yáwó láptọ́ọ̀pù léèrè bóyá ó ti fi fíláàṣì dán ti ọwọ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti dán an wò tí kò ṣiṣẹ́, ó tọ́ kí wọ́n yá a. Bí ó bá ṣiṣẹ́, kí ó fi owó yẹn kún ọjà.