Ikọ̀ Láti Ọ̀tà: Àríyànjiyàn Lórí Yíyan Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Onílàjà Ogun Tigray

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò awuyewuye tó wáyé nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà yan Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àgbẹ̀ Ọ̀tà tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà rí, gẹ́gẹ́ bí aṣojú àgbà rẹ̀ fún Ìwo Áfíríkà ní ọdún 2021. A wo ohun tó mú kí àwọn aṣíwájú Tigray kọminú sí i, ọ̀nà tí a gbà yanjú ìkọminú náà, àti ohun tí ìtàn wa àti òfin wa sọ nípa ẹni tó yẹ kí a fi làjà. Èrò wa ni pé ìtẹ́wọ́gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń jà jẹ́ ara ohun tó ń mú onílàjà kún ojú òṣùwọ̀n.

Ìfáárà

Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta tí kò mọ Sàngó-Ọ̀tà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà lọ sí ibodè ilẹ̀ Benin, agbègbè náà sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, Ọlọ́tà ni ọba wọn. Lára ohun tó gbé orúkọ ìlú náà dé etí àwọn ará òkèèrè ni oko Ọbásanjọ́. Nígbà tí ó gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó gbà lọ ṣe ní Ọ̀tà. Ibẹ̀ náà ni ó dá àpérò kan tó wà fún àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ sí ní ọdún 1988. Ó padà di Ààrẹ láti ọdún 1999 sí 2007.

Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀tà ni ó rò pé bí wọ́n bá ti rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ àlàáfíà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀.

Ikọ̀ ọ̀tọ̀, onílàjà ọ̀tọ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ìlàrí ni ikọ̀ Aláàfin. A máa ń fá apá kan orí wọn, kí ẹni tó bá rí wọn lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọba ló rán wọn. Ìlàrí kò díbọ́n pé òun kò ṣe ti ẹnìkan. Ti ọba rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣojú ìjọba sí ilẹ̀ òkèèrè lónìí. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó ń gbèjà.

Òfin ti là á sílẹ̀ bí a ṣe ń yan irú aṣojú bẹ́ẹ̀. Abala 171 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Ààrẹ ní agbára láti yan aṣojú sí òkèèrè, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 tún fi kún un pé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun fẹ́ ẹ. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kò pọn dandan kí ó sọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn méjì ni aṣojú ń gbà kọjá: ti ilé àti ti òde.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn kì í ṣaláì wáyé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu pe gbogbo aṣojú Nàìjíríà padà wálé. Nígbà tí ó fi orúkọ àwọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tó ṣe alága àjọ elétò ìdìbò láti ọdún 2015 sí 2025, wà nínú wọn. Àwọn tó takò ó ní kò yẹ kí ẹni tó ṣètò ìbò ọdún 2023 gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó wọlé nínú ìbò náà. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní òfin kò kà á léèwọ̀. A ó rí i láìpẹ́ pé irú ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n ti bi Ọbásanjọ́ ṣáájú.

Ti onílàjà yàtọ̀ sí ti ikọ̀. Ẹni méjì tó ń jà ni ó fẹ́ dúró láàárín wọn. Kò gbọdọ̀ fá apá kan orí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bá yan aṣojú àgbà, alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà ni ó ń yàn án. Kò sí ìlànà kan tó fi dandan lé e pé kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba jà bóyá ó gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí.

Ogun Tigray àti yíyan Ọbásanjọ́

Tigray jẹ́ ẹkùn kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Etiópíà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀ tí Abiy Ahmed jẹ́ olórí rẹ̀ àti ẹgbẹ́ TPLF tó ń ṣàkóso Tigray. Àwọn ọmọ ogun Eritrea wọ inú ìjà náà lẹ́yìn ìjọba Etiópíà. Ní oṣù náà gan-an, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà yan àwọn ààrẹ àná mẹ́ta láti làjà: Joaquim Chissano ti Mòsáńbíìkì, Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà, àti Kgalema Motlanthe ti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí Abiy ní Addis Ababa, ṣùgbọ́n wọn kò rí àyè dé Tigray.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2021, Moussa Faki Mahamat, alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà nígbà náà, kéde pé Ọbásanjọ́ ni aṣojú àgbà fún Ìwo Áfíríkà. Bí a bá wo ìrírí nìkan, yíyàn náà mọ́gbọ́n dání. Òun àti Malcolm Fraser ti Australia ni wọ́n jọ darí ìgbìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth rán lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1986, nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í ṣe aṣojú pàtàkì sí ìlà-oòrùn Kóńgò. Yorùbá sì sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun tó fa ìkọminú

Kí ló dé tí àwọn aṣíwájú Tigray kò fi yọ̀? A rí ìdí mẹ́ta.

Èkíní, ní oṣù kẹfà ọdún 2021, oṣù méjì péré ṣáájú yíyàn náà, Ọbásanjọ́ ni ó darí àwọn alábòójútó ìdìbò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà rán lọ sí Etiópíà. Wọ́n jábọ̀ pé ìdìbò náà lọ létòlétò, pé ó sì ṣeé gbà gbọ́. Ẹgbẹ́ Abiy ló wọlé. Nítorí ogun, ìdìbò kò wáyé rárá ní Tigray. Lójú ẹni tí kò rí ìbò dì, ẹni tó yin ìbò náà kò lè jẹ́ àjèjì sí ẹni tó jẹ èrè rẹ̀.

Èkejì, Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, ni olú iléeṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà wà. Onílàjà ń gbé nílé ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà.

Ẹ̀kẹta, lójú àwọn aṣíwájú Tigray, àjọ náà fúnra rẹ̀ dákẹ́ lórí ogun náà, nígbà tí àwọn ará Tigray ń retí kí ó sọ̀rọ̀.

Ọbásanjọ́ gbìyànjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mekelle, olú-ìlú Tigray, ó sì bá àwọn aṣíwájú ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kò kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Debretsion Gebremichael, olórí Tigray, kọ lẹ́tà ìta gbangba. Ó ní àwọn ènìyàn òun mọ bí aṣojú àgbà náà ti sún mọ́ olórí ìjọba Etiópíà tó. Ìlàjà tí Kẹ́ńyà bá darí, lábẹ́ Uhuru Kenyatta, ni ó wù wọ́n. Ìjọba Etiópíà ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọ̀nà mìíràn ju ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lọ.

Kí a má rò pé eré ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni báńkì, tẹlifóònù àti iná mànàmáná ti dákẹ́ ní Tigray. Oúnjẹ àti oògùn kò sì wọlé tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń jiyàn lórí ẹni tí yóò làjà, àwọn kan ni ó ń fi ẹ̀mí san án. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 pé iye àwọn tó kú nínú ogun náà lè tó 600,000.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn aṣíwájú Tigray kéde pé àwọn yóò wá sí ìjíròrò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bá darí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ń retí onílàjà tí ìhà méjèèjì gbà. Àjọ náà kò yọ Ọbásanjọ́. Ó fi Kenyatta àti Phumzile Mlambo-Ngcuka, igbákejì ààrẹ àná ní Gúúsù Áfíríkà, tì í. Wọn kò sì jókòó ní Addis Ababa. Pretoria ni wọ́n lọ. Ìjíròrò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-únlélógún oṣù kẹwàá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ọbásanjọ́ ni ó kéde rẹ̀ fún aráyé.

Àkíyèsí wa ni pé àtakò tí wọ́n ṣe kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ó tún un ṣe ni. Àdéhùn náà kò sì pé tán. Eritrea kò sí níbi ìjíròrò, ọ̀rọ̀ ìwọ̀-oòrùn Tigray kò sì yanjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn dákẹ́ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti TPLF, èyí tí ọdún kan gbáko ìrìn-àjò àdánìkanṣe kò lè ṣe.

Ẹ̀kọ́ láti inú ilé

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà ogun Kírìjì tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àlùfáà méjì ni Gómìnà Alfred Moloney ti Èkó rán níṣẹ́ ní ọdún 1886. Samuel Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, lọ bá Aláàfin àti Ìbàdàn. Charles Phillips, tó wà ní Oǹdó, lọ bá Èkìtìparapọ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan rí ẹni tí ó lè finú hàn, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn iléeṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà. Bí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá ń jà, tí ìlànà tí wọ́n ti jọ fi lélẹ̀ kò sì yanjú rẹ̀, òfin Nàìjíríà tó wà fún aáwọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí wọ́n pàdé láàárín ọjọ́ méje lábẹ́ onílàjà tí ìhà méjèèjì jọ yàn, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí. Òṣìṣẹ́ kò ní gbà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ọ̀gá iléeṣẹ́ ní gbangba wá parí ìjà owó oṣù òun, bí ó ti wù kí ẹni náà gbọ́n tó. Ohun tí òfin kò gbà nínú iléeṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ni a gbà nínú ogun tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé Ọbásanjọ́ ṣègbè. Ohun tí a sọ ni pé yíyàn rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, àyè náà sì ná àwọn ènìyàn ní àkókò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọbásanjọ́ fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀: ó gbà kí a fi ẹni méjì mìíràn kún òun, kò sì bínú kúrò níbẹ̀. Ẹni tó rán an ni ìmọ̀ràn wa kàn. Kí alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, tàbí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yòówù, tó kéde orúkọ, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun kan: ta ni ẹni yìí fẹ́ lọ bá, ǹjẹ́ wọ́n sì lè ṣílẹ̀kùn fún un?