Igi Bábérì àti Ìpẹtà Àlìkámà

Bábérì ni igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, èso rẹ̀ pupa fòò. Àwọn àgbẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìpẹtà a máa bo àlìkámà tí ó bá wà nítòsí rẹ̀. Ní 1726, àwọn aṣòfin Connecticut gbà kí a pa á run. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ka ọ̀rọ̀ náà sí àhesọ. Ojú àgbẹ̀ kò sì purọ́. Ní 1865, Anton de Bary ará Jámánì fi hàn pé àrùn kan náà ni, ilé méjì ni ó ní: inú ewé bábérì ni ó ti ń gbèrú, kí afẹ́fẹ́ tó gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dé ara àlìkámà. Ní 1918, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í hú igi náà. Bábérì ti Jàpáàn, tí ó wọ́pọ̀ nínú ọgbà òdòdó lónìí, kì í sábà gba àrùn yìí.