Fèrèsé Kọ̀ǹpútà: Ta ni ó Yẹ kí ó Tò Ó?

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìlò kọ̀ǹpútà fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan tí kò lè ṣe aláìlò ni fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ojú kan ni fèrèsé ilé máa ń wà. Ẹni tí ó kọ́ ilé ni ó ti pinnu ibẹ̀. Ti ojú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. A lè sún un, a lè fẹ̀ ẹ́, a lè gbé e pamọ́. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ẹni tí ó ń pinnu bí yóò ṣe wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ti yà, ibẹ̀ náà ni àlàyé wa nínú kíláàsì sì ti lè mẹ́hẹ.

Ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe kọ̀ǹpútà Alto ní 1973. Lórí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ṣe fèrèsé tí ó dà bí ìwé lórí tábìlì, tí ọ̀kan lè bo apá kan òmíràn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Xerox gbé Star jáde fún títà ní 1981, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n to ọ̀pọ̀ fèrèsé rẹ̀ sí. Macintosh ti Apple, ní 1984, jẹ́ kí wọ́n máa gorí ara wọn. Windows àkọ́kọ́ ti Microsoft, ní 1985, tún tò wọ́n bí táìsì ilẹ̀. Nígbà tí ó di 1987, Windows kejì ti yí padà.

Àríyànjiyàn gidi ni èyí. Ẹ wo tábìlì ẹni tí ń máàkì ìwé ìdánwò: ìlànà ìmáàkì wà nísàlẹ̀, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí rẹ̀, ìwé tí a ń kọ máàkì sí yọ etí díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ni tábìlì mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà, bí ó tilẹ̀ jọ rúdurùdu lójú àlejò. Àwọn tí ó fẹ́ kí fèrèsé gorí ara wọn ń wí pé bí iṣẹ́ ènìyàn ti rí nìyẹn. Àwọn tí ó fẹ́ títò-sẹ́gbẹ̀ẹ́ a sì bi wọ́n léèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni a óò gbé ìwé kan kúrò kí a tó rí òmíràn?

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ X Window System ní MIT ní 1984 kò dá sí ìjà náà. Iṣẹ́ tiwọn ni kí fèrèsé lè hàn lójú ẹ̀rọ. Ètò mìíràn, tí oníkálùkù yóò yàn fúnra rẹ̀, ni yóò máa tò ó. Ètò yìí ni a pè ní atò-fèrèsé níhìn-ín. Nítorí ìpinnu yìí ni atò-fèrèsé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe dwm, ní 2006, ní àwọn kò ní jẹ́ kí ìlà rẹ̀ kọjá 2000. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí i padà, àfi kí ó ṣí inú ètò náà kí ó tún un kọ. KDE, tí Matthias Ettrich bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1996, gba ọ̀nà mìíràn: ó kó àṣàyàn rẹpẹtẹ síwájú ẹni tí ń lò ó. GNOME, tí Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, bẹ̀rẹ̀ ní 1997, wá gbà pé àṣàyàn tí ó bá pọ̀ jù a máa da ènìyàn láàmú. Ní 2011, GNOME 3 tilẹ̀ yọ bọ́tìnnì tí a fi ń gbé fèrèsé pamọ́ kúrò. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn. Àwọn kan dá MATE sílẹ̀ kí ti àtijọ́ má baà parẹ́. Lójú tiwa, èrò GNOME kò burú fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n gbígba ohun tí ó ti mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn kékeré.

Ohun tí ó kàn wá

Ìtọ́ni bí i “Tẹ àmì tí ó wà ní igun ọ̀tún lókè” kò jẹ́ òtítọ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Inú Windows 95, ní 1995, ni àmì X ti dé igun ọ̀tún. Apá òsì ni ti Macintosh wà. Ubuntu gbé tirẹ̀ lọ sí òsì ní 2010, ó sì dá a padà sí ọ̀tún ní 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi igun kọ́ yóò ṣìnà bí ó bá bá ẹ̀rọ mìíràn pàdé. Èyí tí a fi iṣẹ́ kọ́ yóò wá àmì náà rí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa pàápàá nílò àtúnyẹ̀wò. Bí a bá pa fèrèsé ilé dé, ó ṣì wà níbẹ̀; a ó tún un ṣí. Èyí bá gbígbé fèrèsé pamọ́ mu ju pípa iṣẹ́ rẹ̀ tì lọ. Lórí Macintosh, a lè mú fèrèsé kúrò kí ètò tí ó ni ín ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà a dábàá “gbé pamọ́”, “mú kúrò” àti “pa ètò” fún iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí olùdánwò má sì gba “pa dé” fún gbogbo wọn.